Bọ́tìnnì Tí O Fi Sábẹ́ Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Bàbá Rẹ

Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Kí ara rẹ le, kí iṣẹ́ rẹ máa yí geere bíi táyà tuntun, kí ìṣó má gún ọ lójú ọ̀nà. Àdúrà tó kù wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, má fò ó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀, àwọn tó sì kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò sọ pé ohun tó bàjẹ́ ni à á kọ́kọ́ kà, àti orúkọ ẹni tó mọ̀.

Nǹkan mẹ́rin ló ti bàjẹ́ láti ìgbà tí o wá kí wa kẹ́yìn. Èkíní, fóònù tí o rà fún mi ti di aró. Èmi nìkan ló mọ̀. Èkejì, agogo olójú tí o kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà kò dá mi lóhùn fún oṣù méjì gbáko. Èmi àti télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la mọ̀. Ẹ̀kẹta, ojú bàbá rẹ ń lọ. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti mọ̀ láti ìgbà òjò, bọ́tìnnì funfun tí o fi pamọ́ sábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀, ìwọ mọ ìdajì láìmọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, èmi tí a jọ ń sùn sórí ibùsùn kan láti ọdún mọ́kànlélógójì, èmi ni mo mọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin, o ní o ń bọ̀ wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ìyẹn kò tíì bàjẹ́ tán. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò.

Jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù. O ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀, pé àwọn kan wà tó ń jí ọ̀rọ̀ inú fóònù onífóònù. Mo gbọ́. Bí mo ṣe tàn án báyìí, ìwé àdéhùn ló kọ́kọ́ gbé jáde, ó ní kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kì í fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á, mo kọ ibi mẹ́tàdínlógún tí mi ò fara mọ́ sínú ìwé kan, mo sì ń retí kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn wá kí á jọ jókòó, kí òun mú ẹlẹ́rìí kan wá, kí èmi náà mú télọ̀. Kò wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò wá, kò sì ránṣẹ́ pé òun ò ní lè wá. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣòwò? Èmi tí mi ò lè fara da ìfàsẹ́yìn, mo ní kí télọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí fún apá méjèèjì, mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ ketekete sí i létí pé mi ò gbà tán.

Ó tún ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi kí òun lè máa dá mi mọ̀. Ìyẹn yé mi, àbí mélòó nínú àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti gba ìtẹ̀ka wọn nígbà tiwa? Mo gbé páàdì íńkì tí mo gbà lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì jáde, mo kán omi sí i, mo ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù lójú, láti òsì lọ sí ọ̀tún, bó ṣe yẹ. Ó ní òun kò rí i dáadáa, kí n tún un tẹ̀. Mo fi kún íńkì. Ó ní kí n tún gbìyànjú. Mo tún gbìyànjú títí íńkì fi wọ ọ́ létí, gbogbo ẹni tó bá pè mí báyìí ń dún bí ẹni tó da aṣọ bo orí sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ ìwé ni mo kọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí fóònù, o ní kí n yan ohun tí ẹ̀dá kankan kò mọ̀, kí n má sì kọ ọ́ síbì kankan. Apá kejì yẹn kò bọ́gbọ́n mu. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo mú dání, bí onítọ̀hún bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Mo kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ télọ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ọ̀kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà, mo sì kọ ÀṢÍRÍ gàdàgbà sórí rẹ̀ kí àlejò má baà kà á.

Ó wá kan agogo olójú. O ní bí mo bá dúró níwájú rẹ̀, ibikíbi tí o bá wà, wàá rí mi. Mo gbà ọ́ gbọ́. Láràárọ̀ aago mẹ́jọ, mo ti wẹ̀, mo ti yarun, mo ti dúró síwájú rẹ̀, mò ń rò fún ọ: ibi tí òrùlé ti ń jò, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, bí inú ṣe ń run mí. O kò fèsì. Mo rò pé bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ni mo bá kọ ìwé ojú ewé mẹ́ta, mo sì na ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí i lójú, mo ń ka ení, èjì títí dé ọgọ́rùn-ún kí n tó ṣí èkejì, nítorí mo mọ̀ pé o kì í tètè ka ìwé àfọwọ́kọ. Mo wá dúró de èsì. Oòrùn bá mi níbẹ̀. Télọ̀ yọjú wá bi mí pé kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ní kí n na ọwọ́ sókè. Ìgbà tí o pè la wá gbọ́ pé o kì í jókòó tì í, pé ohun tó bá rí, inú àká ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń lọ, ní ìlú tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbì kan tó ti mọ̀ pé òrùlé wa ń jò. Sọ fún un kó gbé páànù wá.

Ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ṣe èyí tó kàn, mi ò ní bínú. Ìgbà tí o wá sílé, kí o tó mu omi pàápàá lo ti gé pílásítà bo ojú kọ̀ǹpútà rẹ. O da fóònù rẹ dojú bolẹ̀ kí á tó máa sọ̀rọ̀ ilé. O ní ilé ẹni ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti máa ṣọ́ ẹni. Inú mi dùn, mo sọ fún télọ̀ pé ọmọ mi ní làákàyè. Ọwọ́ kan náà yẹn, ọjọ́ kan náà yẹn, o ní o fẹ́ fi òróró sí ṣéènì bàbá rẹ, o dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́, o sì lẹ bọ́tìnnì tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà mọ́ abẹ́ ìjókòó wọn, o nu ọwọ́ rẹ nù, o jẹun, o wọ mọ́tò. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ gbọin gbọin, kí ló ń yọjú wò lójú fèrèsé ẹlòmíì?

Bóyá o kò mọ irú kẹ̀kẹ́ tí o lẹ ojú mọ́. Tẹ́tí. Nígbà tí mo kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ilé iṣẹ́ ìlagi ló gbà mí, mò ń tẹ lẹ́tà, bàbá rẹ ló sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lẹ́tà náà kiri. Kòdúró ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, nítorí bí o bá na lẹ́tà sí wọn, kí o tó fa ọwọ́ rẹ padà wọ́n ti dé ẹnu géètì. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi tí mo fa ìlà sí: ibi tí lẹ́tà ń lọ, aago tó jáde, aago tó wọlé, àti ìlà ìkẹyìn, ìdí tí ó fi pẹ́. Ìlà ìkẹyìn yẹn, mo fi ń dá àwọn yòókù lójú ni. Òfìfo ni ti Kòdúró máa ń wà. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Mo ti ń pọ́n ẹnu sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ láìwo ojú mi, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Níbi ìdí tí ó fi pẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé: mo dúró wo fèrèsé ọ́fíìsì yín.

Òun nìkan ni ìpẹ́lẹ́yìn tí mo tíì dárí jì láyé mi. Mo fi abẹ gé ojú ìwé náà kúrò. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi títí di òní, ìwọ kò rí i rí, bàbá rẹ gan-an kò mọ̀ pé mo gé e. Kò sí nínú àká ilé iṣẹ́ kankan.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ìlagi, tí gbogbo àgbàlá bá ń run igi tútù, bàbá rẹ máa ń kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ lórí èérún pákó, nítorí ẹni tó bá ṣubú síbẹ̀ kì í ṣèṣe. Wọ́n á di ìjókòó mú lẹ́yìn, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé mi. Mo ní kí wọ́n má fi mí sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn dì í mú. Mo tún bi wọ́n, wọ́n ní àwọn dì í mú, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni ohùn ti wá. Wọ́n ti jáwọ́ tipẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni wọ́n gbé ọ sí lẹ́yìn lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ há sínú irin táyà, tí o kò sunkún, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-Irin. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tí o ń gùn kiri pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ nígboro lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. O pè mí, o ní bọ́tìnnì sọ fún ọ pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ máa ń lọ síbì kan náà, tí wọ́n á máa yípo, yípo, fún wákàtí kan ààbọ̀. O ní ṣé orí wọn pé. Mo ní ó pé. Kí n má purọ́ fún ọ, ọkàn mi kò lọ síbi orí. Obìnrin ni ọkàn mi lọ bá. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin tó ń wẹ̀ kó tó gun kẹ̀kẹ́ jáde, kí ló ń wẹ̀ lọ sí?

Èmi kì í jókòó ro nǹkan. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún dé, mo ní kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi tẹ̀lé wọn. Ó ń làágùn. Ó ní Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà, táyà ń jò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ tẹ táyà, ó le bí òkúta. Mo ní kó máa lọ. Ibi tí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ yà sí ni àgbàlá ilé iṣẹ́ ìlagi. Géètì ti ṣubú, òrùlé ti dípẹtà, ṣùgbọ́n fèrèsé ọ́fíìsì mi ṣì wà níbẹ̀. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ìtì igi kan. Kò sí obìnrin kankan. Bàbá rẹ nìkan ló wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n di ojú méjèèjì, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n ń yípo díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ka ọ̀nà ilé wa sókè bí ọmọ iléèwé: pé ó di ilé télọ̀, kí àwọn lu agogo, ó di kòtò, kí àwọn yà sí ọ̀tún, ó di ibi afárá, kí àwọn sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látẹnu ọ̀nà ilé wa padà.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ló wá tú u palẹ̀. Ó ní láti ìgbà òjò ni ojú òsì ti lọ, pé ti ọ̀tún ń ríran bí ẹni tó ń wo ìta látinú gíláàsì tí èéfín bò, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gun àpótí irinṣẹ́ òun mọ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Wọ́n ní bí ìwọ bá gbọ́, wàá gbé kẹ̀kẹ́ lọ, bí èmi bá sì gbọ́, màá pe ìpàdé.

Mi ò jáde síta. Mo padà sílé. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn lọ kí àwọn ẹgbẹ́ àwọn àtijọ́. Mo ní ara wọn ńkọ́? Wọ́n ní dáadáa ni wọ́n wà. Mo gbé oúnjẹ fún wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láyé mi.

Nígbà tó di òwúrọ̀, mo pe ìpàdé. Èmi àti bàbá rẹ nìkan ni. Wọn ò bínú sí mi, wọn ò bínú sí atúnkẹ̀kẹ́ṣe, àfi ìgbà tí mo dárúkọ bọ́tìnnì. Wọ́n ní háà, ọmọ tí àwọn gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ló wá gbé ojú sábẹ́ ìdí àwọn! Wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ tú u. Mo rò pé wọ́n á sọ ọ́ nù. Wọ́n fi í sápò, ó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì rọra lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ búrẹ́dì tó máa ń ti ọ̀dọ̀ yín wá, tó sì máa ń padà lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹni tí o rí ní títì márosẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó ń sá eré àsápajúdé, tí o torí rẹ̀ pè mí lẹ́ẹ̀mọkànlá, tí o ní bóyá wọ́n ti jí bàbá rẹ gbé, kì í ṣe bàbá rẹ. Ọkọ̀ búrẹ́dì ni. Bàbá rẹ wà níwájú mi, wọ́n ń gé èékánná. Nígbà tí mo na fóònù sí wọn, wọ́n sọ fún ọ pé àwọn sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi kan ni, pé afẹ́fẹ́ ló ń ti àwọn lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ìwọ ni kò rẹ́rìn-ín, tí o ránṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ti parí, pé ìparí oṣù lo ń bọ̀ wá gbé e, pé ẹgbẹ́ rẹ á tún un kùn, ẹ ó sì gbé e kọ́ ara ògiri.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni mo mú wọn lọ bá dókítà ojú. Ó ní ti òsì kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn tí a ó máa kán sí ti ọ̀tún láàárọ̀ àti lálẹ́ lè di èyí tó kù mú. Ó sì sọ ọ́ sí wọn lójú pé wọn kò gbọdọ̀ dá gun kẹ̀kẹ́ lójú títì mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A padà sílé. Wọ́n mú àkísà, wọ́n nu kẹ̀kẹ́ náà láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn, wọ́n fi ti ògiri, wọ́n sì kọ ojú iná rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ẹnì kan bá lu agogo kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n á gbé orí sókè. Ẹlẹ́sẹ̀-Irin, bí o bá gbé kẹ̀kẹ́ yẹn kọ́ ara ògiri, bàbá rẹ lo gbé kọ́ síbẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe nìyí. Fọ́tò ẹgbẹ́ rẹ tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo fi awò wò ó dáadáa. Ní ọwọ́ ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ní ìjókòó méjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ibi ìtẹ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó wà níwájú nìkan ló ń darí. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní òótọ́ ni, irú rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, èmi ni mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún télọ̀. Mo ti fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ dán ara mi wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n sùn lọ́sàn-án. Mi ò tíì gbàgbé, àfi aṣọ tí télọ̀ sá sórí okùn ni mo fà ya. Kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì yẹn ni mo fẹ́. Yá a, rà á, bẹ̀ wọ́n, ìyẹn kù sí ọ lọ́wọ́. Ti àtijọ́ á dúró síbi tó wà.

Mi ò ní kí o má bìkítà nípa wa. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ibi tí a wà, bi wá. Mo ti fa ìlà sí ìwé tuntun, mo so bírò mọ́ ọn, ó wà lẹ́nu ọ̀nà: ibi tí a ń lọ, aago tí a jáde, aago tí a wọlé, àti ìdí tí ó fi pẹ́. Mo fa ìlà sí ẹ̀dà kejì fún ìwọ náà, ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, nítorí èmi náà kò mọ ibi tí o ń gun kẹ̀kẹ́ dé. Nígbà tí o bá ń bọ̀, mú ohun tí wọ́n fi ń nu íńkì dání, kí o sì tú agogo olójú yẹn kúrò, kí o fi èyí tó kàn ń dún lásán sí i. Mi ò tọrọ owó oúnjẹ lóṣù yìí. Owó ọkọ̀ kẹ̀kẹ́ náà nìkan ni kí o san, mo ti bá awakọ̀ búrẹ́dì sọ ọ́, òun náà ló mú ìwé yìí wá. Bọ́tìnnì rẹ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Gbé kẹ̀kẹ́ sí i, kí ìwọ náà jókòó tì í, ìgbà yẹn ni bọ́tìnnì á tó wúlò fún nǹkan.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ, ojú rẹ kò ní ṣókùnkùn, ìwọ náà á dàgbà, wàá rí ẹni bá ọ tẹ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó bá di òkè. Àmín.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní àgbàlá ilé iṣẹ́ ìlagi, níwájú fèrèsé ọ́fíìsì mi. Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ. Mo kàn ní kí wọ́n wẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni wọn ó jókòó sí, wọn ó di ìjókòó mi mú, lọ́tẹ̀ yìí, bí mo bá bi wọ́n, wọn ò ní ríbi jáwọ́. Mo ti kọ orúkọ rẹ sínú ìwé ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú aago tí o máa dé. Níbi ìdí tí ó fi pẹ́, mi ò fẹ́ rí ohunkóhun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Akọ̀wé